Kẹrosíìnì Tí Mo Fi Fọ Inú Ẹ́ńjìnnì

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan sí i, mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń fẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, nítorí ìdí fáìlì ni mo ti wà láti nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélógún. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé wa kan tó kọjá, arákùnrin kan jókòó tì mí, ó ní òun fẹ́ lọ sílé fún ìsìnkú àna òun, pé mẹkáníìkì òun sì ti ní kí òun ra kẹrosíìnì lítà mẹ́rin kí àwọn fi fọ inú ẹ́ńjìnnì kí òun tó gbéra. Mo pariwo débi pé alága ní kí n dìde kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún gbogbo ilé. N kò lè sọ ọ́ tán lọ́jọ́ náà. Òun ni mo wá ń sọ báyìí.

Kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ fi ara mi ṣe ẹnjiníà, ìṣirò owó ni mo kọ́ ní Pọ́lì, dípúlómà ni mo sì gbà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, owó ni mo fi kọ́ ọ, àti omijé díẹ̀.

Ní 2006 ni mo ra Golf 3 tókùnbọ̀ kan. Gadumo níhìn-ín ni ilé mi wà, ọ́fíìsì mi kò sì jìnnà. Lójoojúmọ́, màá gbé àwọn ọmọ sílẹ̀ ní iléèwé, màá yà sí ọ́fíìsì, màá pa ọkọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé mo ń ṣìkẹ́ ọkọ̀ náà ni, torí pé n kì í gbé e rìn jìnnà. N kò mọ̀ pé irú ìrìn kúkúrú bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ba inú ẹ́ńjìnnì jẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jó epo, omi díẹ̀ máa ń wà nínú èéfín rẹ̀, bẹntiróòlù tí kò jóná tán náà sì máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, tí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ooru yóò lé omi àti bẹntiróòlù yẹn jáde. Bí ó bá jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, wọn yóò jókòó síbẹ̀, wọn yóò pò mọ́ ọ́ìlì àti èéfín dúdú, yóò sì di ẹrẹ̀. Ẹ tún fi kún un pé n kì í pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí ó bá lọ sílẹ̀ lórí géèjì, màá ra lítà kan, màá dà á lé ti tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 2009, mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú ọkọ̀ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì fi hàn mí. Ohun tó yọ dà bí ọṣẹ dúdú, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ọṣẹ dúdú. Ó ní, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀, kẹrosíìnì ni oògùn rẹ̀." Ó fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde, ó da kẹrosíìnì sí i, ó sítáátì ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó tilẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ kí ó máa ké. Ohun tó dà jáde lẹ́yìn náà dúdú bíi tàdáwà. Àwa méjèèjì dúró, a ń wò ó tìdùnnú-tìdùnnú, bí ẹni tó ń wo aràn tó jáde lára ọmọ. Ó da ọ́ìlì tuntun sí i. Fílítà àtijọ́ ló dá padà, torí mo ní owó ti tán lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ọkọ̀ náà fi fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ọkọ̀ tuntun.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí àbúrò mi fi pè láti Ìkọ̀lé-Èkìtì pé ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa ti lọ sókè, wọn kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, apá òsì wọn kò gbé. Ó ní òun fẹ́ wá ọkọ̀ háyà tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Èmi ni mo ní kó má ṣèyọnu, pé mo ti ń bọ̀, pé ọkọ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìtọ́jú ni. Kò tíì tó aago mẹ́fà tí mo fi gbéra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Kábà mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí pẹ̀lú àwọn tírélà sìmẹ́ńtì. Mo kọjá Ọbajana, mo ń sáré. Iná pupa kékeré tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo wò ó. Mo ní bóyá wáyà ló já. Ọ́ìlì tuntun ṣebí ló wà nínú rẹ̀, kí ló tún lè ṣe é? Mo tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kó-kó-kó láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tó ń fi òòlù lu irin. Nígbà tí mo fi máa dúró, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀ rárá. Àwọn ará ilé ń dúró dè mí ní Ìkọ̀lé, èmi ń dúró de ẹni tó máa gbé mi lẹ́bàá igbó. Ó lé ní wákàtí méjì kí ọkùnrin kan tó kó iṣu tó gbé mi dé Kábà, ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀rọ fi pe àbúrò mi pé kó wá ọkọ̀ mìíràn.

Nígbà tí mo dé, ó ti di ọ̀sán, omi ti wà lára ìyá mi ní ilé ìwòsàn. Wọ́n gbádùn. Ọdún márùn-ún ni wọ́n lò sí i kí wọ́n tó pa ipò dà. Ṣùgbọ́n apá òsì yẹn kò padà bọ̀ sípò. Dókítà ní bí a bá tètè gbé wọn dé ni, ó ṣeé ṣe kó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ pé èmi ni mo fà á, kò sì sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nílé. Ìyá mi fúnra wọn ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí àlejò bá wá: "Ẹ bi í léèrè, òun ló fún ọkọ̀ ní kẹrosíìnì mu." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Àgbà mẹkáníìkì kan ní Kábà ló bá mi fa Golf náà kúrò lọ́nà. Ó tú abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́ǹpù, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Asẹ́ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí páǹpù fi ń fa ọ́ìlì lọ sókè. Asẹ́ náà ti dí pátápátá, bí asẹ́ ògì tí èèrí kún. Ó ní kẹrosíìnì kò yọ́ ìdọ̀tí náà. Ó kàn tú u kúrò lára ẹ́ńjìnnì ní wóró-wóró, ó sì rọ́ ọ wá sójú asẹ́. Ọ́ìlì tuntun wà nínú abọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rọ́nà gòkè, àwọn bẹ́ríìnì tó gbé kíráǹkì dúró sì ti jẹ tán. "Ìdọ̀tí yẹn ti di ará ilé," ló wí. "O wá lé e lójijì, ibo lo fẹ́ kó gbà?" Mo tún kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kẹrosíìnì kò ní yíyọ̀ ọ́ìlì. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú tí a fi ń tẹ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, irin ń jẹ irin ni, èyí tó ṣẹ́kù tí kò ṣàn jáde sì sọ ọ́ìlì tuntun di olómi. Àwọn kan ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ó yọ̀ díẹ̀ ju kẹrosíìnì lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì ṣe tú ìdọ̀tí sójú asẹ́.

Ẹ má rò pé àwa tí a kì í pààrọ̀ ọ́ìlì nìkan ni ẹrẹ̀ yìí ń bá jà o. Ní 2002, iléeṣẹ́ Toyota kéde ní Amẹ́ríkà pé àwọn yóò tún ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì bá dì sí nínú ṣe fún àwọn oníbàárà wọn. Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, tí wọ́n jẹ́ ti 1997 sí 2002, lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Camry àti Sienna wà lára wọn, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lójú títì wa. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan, kó ṣí ìdérí ọ́ìlì wò kó tó sanwó.

Kí wá ló yẹ ká ṣe? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan tó máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: pé ọ́ìlì dúdú kì í ṣe ẹ̀sùn. Ọ́ìlì òde òní ní èròjà kan nínú tó ń ṣe bí ọṣẹ. Ó ń wẹ ara irin díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gbé ìdọ̀tí náà dání títí a ó fi fà á jáde. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ ọ́ di dúdú. Ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló ń fọ inú ẹ́ńjìnnì láìséwu, bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá kìlómítà 5,000, bí n kò bá sì rìn tó bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà. Fílítà tuntun ní gbogbo ìgbà, nítorí ẹni tó bá dá fílítà àtijọ́ padà, omi ìwẹ̀ àná ló tún fi ń wẹ̀. Ẹ wo ara ike ọ́ìlì, ẹ óò rí API àti lẹ́tà méjì: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S wà fún ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, C wà fún ti dísẹ́ẹ̀lì. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A tó ni ọ́ìlì náà ṣe jẹ́ tuntun tó. SN sàn ju SF lọ. Ọ́ìlì tí wọ́n ń fi agolo bù nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá títì, n kò fọwọ́ sí i.

Bí ìdọ̀tí bá ti wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ̀, ẹ da ọ́ìlì gidi sí i, ẹ fi rin kìlómítà 1,000 péré, ẹ fà á jáde pẹ̀lú fílítà rẹ̀, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ó lọ́ra, owó rẹ̀ sì ń dunni. Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń tà nínú agolo, tí a máa ń dà sínú ọ́ìlì àtijọ́ kí a tó fà á. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ gbóná, kí a dà á sí i, kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí a má tẹ̀ ẹ́, kí a má sì wà á lọ síbì kankan, kí a wá fà á jáde. Ọ́ìlì gbígbóná ń bó ènìyàn o, ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá ti dà bí ọṣẹ dúdú, bíi tèmi, ẹ má da oògùn kankan sí i. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú sọ́ǹpù, kó fọ asẹ́, kó ṣí ìdérí òkè tí wọ́n ń pè ní tapẹ́ẹ̀tì kọ́fà, kó fi ọwọ́ ha ìdọ̀tí náà kúrò láìjẹ́ kó jábọ́ sínú. Iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni. Bó bá ń fi bẹntiróòlù fọ irin, ẹ lé ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tó ń jó irin jìnnà síbẹ̀.

Àwa ará Lọ́kọ́jà tún ní ìṣòro kan tí àwọn ará ilé kò ní. Ní 2012, odò Ọya àti Bẹ́núè kún bò wá; ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2022, tí ọ̀nà Abuja gé ní Koton-Karfe, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé ènìyàn lórí ọ̀nà Ganaja. Ní 2012, aládùúgbò mi kan padà síbi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí nígbà tí omi fà, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó sítáátì. Omi kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí písítìnì lè fún pọ̀. Irin tó gbé písítìnì ló tẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ìbá ṣeé gbà là kú lójú ẹsẹ̀.

Ní 2022, ó kan ọkọ̀ tèmi, tí mo gbé sílé ọ̀rẹ́ mi kan lọ́nà Ganaja nígbà tí mo rìnrìn àjò. N kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. A tú orí bátìrì, a fa géèjì yọ: ọ́ìlì ti funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. A fa gbogbo rẹ̀ jáde, a tú àwọn púlọ́ọ̀gì, a fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí omi tu jáde, a sì kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Fílítà afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì gíà náà, a pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni a da ọ́ìlì tí kò wọ́n sí i, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a fà á. Ó ṣì funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é kí àwọ̀ rẹ̀ tó mọ́. Ọkọ̀ náà ni mo ṣì ń gbé lọ sí ìpàdé. Gbogbo ọ́ìlì tí a fà, inú kẹ́ẹ̀gì la dà á sí; káfíńtà kan ló wá kó o, ó fi ń pa ikán lára pákó. Ẹ má dà á sí gọ́tà, odò Ọya ni gọ́tà wa ń lọ.

Arákùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ra kẹrosíìnì náà mọ́. Ó gbé ọkọ̀ wá sí àgbàlá mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun àti mẹkáníìkì rẹ̀. A tú sọ́ǹpù, ìdajì asẹ́ ti dí. Ọmọkùnrin mẹkáníìkì náà wò ó títí, ó ní òun ti fi kẹrosíìnì fọ ọkọ̀ tó lé ní ogún, kò sì sí ẹni tó padà wá bá òun jà. Mo ní èmi náà kò padà lọ bá tèmi jà. Ẹlòmíràn ni mo lọ wá. Kò fèsì, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ asẹ́. Bọ́ọ̀sì ni arákùnrin wa wọ̀ lọ sìnkú àna rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ rẹ̀ tó jáde kúrò lágbàlá mi.