Owó páànù ilé Ìjẹ̀bú ló fi ra mọ́tò tí àjà ẹ̀ ti já

Ìyá Ìbejì ò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí mọ́tò náà níwájú ilé wọn ní Peckham, ní London, tó fi béèrè pé, “Bàbá Ìbejì, ilé lẹ rà ni àbí mọ́tò?”

Kò jẹ̀bi. Volkswagen àtijọ́ ni, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà lẹ́yìn, táwọn òyìnbó ń pè ní T25. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, inú ẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn bí wọ́n bá gba ìsinmi lọ sétí òkun. Ṣùgbọ́n dánfó ni Bàbá Ìbejì rí ní tiẹ̀. Kó tó kọjá sílùú ọba, kọ́ńdọ́kítọ̀ ló ṣe l’Ójúẹlẹ́gbà, irú mọ́tò yẹn náà ló ń so mọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn káàkiri Èkó. Ọdún 2021, nígbà tí wọ́n tú kónílé-ó-gbélé kòrónà ká, ló rí i, ó sì san £4,500.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé owó páànù ni. Ilé tí wọ́n ń kọ́ n’Íjẹ̀bú-Igbó ti dé ibi tí òrùlé kàn, òjò sì ń pa á. Ọkùnrin tó bá ná irú owó bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ìyàwó ẹ̀, ẹjọ́ ò sí lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

Àjà mọ́tò ọ̀hún ti bàjẹ́. Aṣọ òkè ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀já ọmọ tó tú. Fóòmù tó wà lẹ́yìn aṣọ ló máa ń fà á. Bó bá ti gbó, á di lẹ́búlẹ́bú, kò sì sí gọ́ọ̀mù tó máa mú aṣọ mọ́ eruku. Ó yẹ kó ha gbogbo ẹ̀ kúrò. Kò ha á. Ó ra gọ́ọ̀mù olówó pọ́ọ́kú, ó lẹ kápẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp. Èsì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò gùn: “Àbúrò mi, àjà mọ́tò yín dáa o. Òjò tún pa ilé lánàá.”

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, 2022, ni ooru mú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, ó dé 40.3 lórí ìwọ̀n Celsius ní Coningsby. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ìbejì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, àjà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Ìbejì wò ó láti ojú fèrèsé, ó bú sẹ́rìn-ín. Èébú ì bá sàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tún un ṣe. Ó bo imú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ títí tó fi kan irin. Ìpẹtà wà níbẹ̀, níbi tí omi ti ń gba etí rọ́bà wọlé. Ó yọ ọ́, ó kun ún, ó tẹ́ ohun tó ń dí òtútù sí i, torí èémí ẹni tó bá sùn nínú mọ́tò máa ń di omi lára irin tútù. Gọ́ọ̀mù tó lè gba ooru ló rà lọ́tẹ̀ yìí. Èèyàn á fọ́n ọn sára òkè, á fọ́n ọn sẹ́yìn aṣọ, á dúró kó má lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, á wá ti àárín tẹ̀ ẹ́ lọ sétí. Iṣẹ́ ẹni méjì ni.

Ìyá Ìbejì bọ́ síta, ó di etí aṣọ mú. “Tó bá ti parí, ẹ máa tà á.”

“Mo gbọ́.”

Wọ́n sùn nínú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan péré, ní Margate. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, 2023, ẹni tó wá rà á wo òkè, ó fọwọ́ pa á, kò dúnàá-dúràá. Owó lọ sílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́, páànù tuntun ń dán.

Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, “A dúpẹ́ o, àbúrò mi. Àjà ló kù.”