Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Gbàgbé Sọ́wọ́ Ẹ̀rọ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni màmá kan gbé àpò ọ̀rá dúdú wọ ọ́fíìsì wa ní Ìbàdàn. Ṣakí ló ti wá. Mọ́tò àkọ́kọ́ ló wọ̀. Inú àpò náà ni lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ tíṣà wà. Bébà rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó sì ti ń já níbi tí wọ́n ti ká a. Ohun tó bá wá kò pọ̀: kí a ya àwòrán ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lè yanjú.

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyí. Ẹ̀rọ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, tó sì ń ṣe síkáànù. Bí a bá fi ìwé sí i, tí a tẹ bọ́tìnnì, àwòrán ìwé náà yóò gba orí wáyà lọ sínú fóódà kan tí gbogbo wa jọ ń lò lórí kọ̀ǹpútà àgbà, ìyẹn server. Ibẹ̀ ni àwọn ará òkè ti ń mú un. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ẹ̀rọ gba ìwé màmá, iná rẹ̀ kọjá lábẹ́ gíláàsì, ó dúró díẹ̀, ó wá kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun kò lè wọ inú fóódà náà. A tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí kẹ́yìn?" Ọ̀gá wa ló bèèrè.

Gbogbo ojú yí sí kọ́pà wa. Òun ló pààrọ̀ tónà ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá bá a wí níṣojú àwọn arúgbó tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú nǹkan. Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì dorí kodò. Èmi ni alábòójútó ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ìwé títẹ̀ ni tónà wà fún, síkáànù kì í lò ó. N kò sọ̀rọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ ṣe ná.

Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án padà. Mo yọ wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Mo ṣe fọ́tókọ́pì kan, ó jáde dáadáa. Gíláàsì àti iná inú rẹ̀ kò ní àìsàn. Mo fi kọ̀ǹpútà mi pè é lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ó dáhùn. Mo wo àdírẹ́sì server tí a kọ sínú rẹ̀, bóyá nọ́ńbà rẹ̀ ti yí padà, kò yí. Mo wo bóyá àyè ti tán lórí server. Àyè ṣì pọ̀. Mo ṣí fóódà náà láti orí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ṣí wẹ́rẹ́. Ọ̀nà dán, ilé wà, ilẹ̀kùn ń ṣí fún èmi. Ẹ̀rọ nìkan ni kò rí wọlé.

Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó ní kí n lọ tan SMB1 lórí server. SMB ni èdè tí ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípa fóódà. SMB1 ló pẹ́ jù nínú rẹ̀, òun nìkan sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ gbọ́. Àmọ́ ihò ara SMB1 yìí ni WannaCry gbà wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, tó sì da iṣẹ́ rú ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ wa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì láìsí SMB1. Àwọn tó jọ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò lè ṣàdédé gbàgbé èdè ara wọn.

Ọ̀gá náà mú àbá tirẹ̀ wá. "Ṣé o ò lè ṣí fóódà yẹn sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn ni? Àwọn àgbà ń dúró."

Ìṣẹ́jú méjì ni, n ó sì purọ́ bí mo bá ní kò wù mí ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí àwọn arúgbó wà nínú fóódà náà, nọ́ńbà àkáǹtì wọn wà níbẹ̀, BVN wọn wà níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ síwèé. Ẹni tó bá rí ìwọ̀nyí kó lè sọ ara rẹ̀ di màmá tó wá láti Ṣakí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ohun tó yí padà láti ọjọ́ Ẹtì. Mo bi akọ̀wé. Mo bi àwọn ará òkè. Mo tún bi kọ́pà náà, ohùn mi sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní tónà nìkan lòun pààrọ̀. Ó dúró díẹ̀, ó wá ní:

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, bí èmi bá fẹ́ wọ fóódà yẹn, kọ̀ǹpútà máa ń bèèrè orúkọ mi àti password mi. Ta ni ẹ̀rọ yìí máa ń sọ pé òun jẹ́?"

Mo ya ẹnu, n kò rí nǹkan sọ.

Mo lọ ṣí àkọsílẹ̀ tí server ń tọ́jú nípa àwọn tó ń kanlẹ̀kùn. Nọ́ńbà 4625 ló kún ibẹ̀, ìyẹn àmì pé ẹnì kan fẹ́ wọlé, kò sì rí i wọ̀. Àkókò wọn bá ìgbà tí a ń tẹ bọ́tìnnì mu. Àdírẹ́sì tí wọ́n ti wá jẹ́ ti ẹ̀rọ wa. Orúkọ tó wà nínú gbogbo wọn, orúkọ mi ni.

Lọ́dún 2019 tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, ẹni tó wá tò ó ní kí n fún òun ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí yóò máa fi wọlé. Mo fi tèmi sí i. Mo ní fún ìgbà díẹ̀ ni, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ n óò ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò dé fún ọdún márùn-ún. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àṣẹ wá pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn. Èmi gan-an ni mo lẹ ìkéde náà mọ́ ògiri. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀ tèmi kí n tó lọ sílé. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ló ṣì ń kì bọ àgádágodo tuntun.

Mo lè kọ ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun mi sínú ẹ̀rọ kí ọ̀rọ̀ parí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá tún yí i padà, a ó tún padà síbi tí a wà. Mo ṣẹ̀dá orúkọ kan fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Inú fóódà kan ṣoṣo yẹn ló lè kọ nǹkan sí, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi orúkọ náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ wa, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lè rí i. Mo wá ní kí kọ́pà fi lẹ́tà màmá sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ké láti òkè pé ó ti dé.

Èyí tó kù ló ṣòro jù. Ọ̀gá ti ń yìn mí. Kò bèèrè ohun tó fà á, kò sì sí ẹni tó máa bèèrè. Kọ́pà ti rí orúkọ mi lójú kọ̀ǹpútà, ó sì ti gbé ojú kúrò. Mo rò ó pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni, yóò gbàgbé. Mo wá wo àwọn àgbà lórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo wọn ló gbọ́ nígbà tí wọ́n ń bá a wí.

Mo ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe kọ́pà ló bà á jẹ́. Èmi ni. Password mi ni ẹ̀rọ ń lò, mo sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ yìí ló jẹ́ kí n rí i."

Yàrá dákẹ́. Ọ̀gá wo èmi, ó wo kọ́pà, ó ní, "Ó dáa," ó sì wọlé lọ. Kò bẹ ọmọ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, òun ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun wo fóònù òun. Màmá ló dìde, ó fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká, ó ní, "Ọmọ mi, má fi ṣèbínú. Èmi náà ti na ọmọ tí kò ṣẹ̀ rí ní kíláàsì."

Ìkéde ọjọ́ Ẹtì yẹn ṣì wà lára ògiri. Mo ti fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: kí olúkúlùkù tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kó kọ́kọ́ rántí gbogbo ibi tó ti fi èyí àtijọ́ sí.