Ìgbà 33 ní Le Mans

Bí a bá ṣí àkọsílẹ̀ eré-ìje ọkọ̀ Wákàtí 24 ti Le Mans, orúkọ tí ojú kọ́kọ́ ń wá ni ti Tom Kristensen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmákì, tí ó borí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Orúkọ tí èmi máa ń dúró tì ni ti Henri Pescarolo, ọmọ Faransé tí a bí ní 1942. Ìgbà mẹ́rin péré ni òun borí, ṣùgbọ́n ìgbà 33 ni ó díje níbẹ̀, láti 1966 títí di 1999. Kò sí awakọ̀ mìíràn tí ó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà 29, nígbà náà, ni ife ẹ̀yẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wo ti 1968. Òjò ń rọ̀ lóru, ohun tí ń nu omi kúrò lójú gíláàsì ọkọ̀ Matra wọn sì bàjẹ́. Johnny Servoz-Gavin, ẹnìkejì rẹ̀, ní òun kò lè wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Pescarolo bọ́ sínú rẹ̀, ó wà á la òkùnkùn já, wọ́n sì dé ipò kejì. Nígbà tí ó yá, táyà bẹ́, iná sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ fi ròyìn gbogbo òru yẹn: abandon.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1969, nígbà ìdánwò, ọkọ̀ Matra tuntun kan fò lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọ̀nà gbọọrọ Hunaudières, ó sì gbiná. Iná jó o gidigidi. Síbẹ̀, ọdún náà kò parí kí ó tó padà sídìí eré-ìje.

Èrè dé ní 1972. Òun àti Graham Hill ni wọ́n fi Matra gba ipò kìíní, èyí tí ọkọ̀ Faransé kò rí gbà níbẹ̀ láti 1950. Ó tún gbà á ní 1973 àti 1974 pẹ̀lú Gérard Larrousse. Lẹ́yìn èyí, ó di ọdún mẹ́wàá gbáko kí òun àti Klaus Ludwig tó fi Porsche 956 borí ní 1984.

Ẹnì kan lè wí pé pípẹ́ nídìí iṣẹ́ kọ́ ni mímọ iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kì í fi ojú àánú fa ọkọ̀ olówó iyebíye lé ènìyàn lọ́wọ́. Ní ọdọọdún, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni wọ́n ń gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wọn yẹ. Lójú tèmi, ìgbọ́kànlé ni a kà tó 33 yẹn.

Nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2000, ipò kejì ni ó dé ní 2005 àti 2006. Kristensen wà lára àwọn tí ó borí rẹ̀ ní 2005. Ẹgbẹ́ Pescarolo kò gba ipò kìíní rí.

Oríkì tiwa kì í ka ìṣẹ́gun nìkan. A máa ń fi àpá ki akọni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá mú èsì ìdánwò wálé lónìí, ipò tí ó gbà nìkan ni à ń bi í. Ó yẹ kí a tún máa bi í bí òru rẹ̀ ti rí.