Ìdí tí Mo Fi Ń Kọ́ Ètò Ẹjọ́ Ọ̀ràn



Ọmọ Kétu ni mí. Mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Abomey-Calavi. Ohun méjì ni a ń kọ́ ní ọdún yìí. Èkíní ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ẹjọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn. Èkejì ni bí adájọ́ ṣe ń díwọ̀n ìyà fún ẹni tí ó jẹ̀bi.

Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé, àwọn ará àdúgbò mú ọkùnrin kan. Wọ́n ní ó jí alùpùpù. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé táyà àti epo dé. Àgbà kan ni ó dá wọn lẹ́kun, tí ó ní kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi mí pé: «Ọmọ mi, ṣé kí o lè gba olè sílẹ̀ ni o ṣe ń kàwé?»

Mo dá wọn lóhùn pé: «Rárá o, ìyá mi. Nítorí ẹni tí kì í ṣe olè ni.»

Títí di òní, adájọ́ kò tíì dá ẹjọ́ náà. Èmi kò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà jí alùpùpù. Ẹni tí ó gbé táyà kò mọ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní: agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Kí ni òfin wí? Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. A kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àfi bí adájọ́ bá rí i tí ó sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí òfin bá tilẹ̀ gbà kí a fi kún un, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ. Ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé lè ní kí dókítà tí òun fẹ́ yẹ òun wò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́.

Ìyà ńkọ́? Olùkọ́ wa fún gbogbo wa ní ẹjọ́ olè kan náà. Ẹnìkan dá ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ẹlòmíràn dá ọdún 5. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà! Olùkọ́ ní kí olúkúlùkù sọ ìdí rẹ̀. Ṣé olè náà mú ohun ìjà dání? Ṣé ó ti jalè rí? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó dá ohun tí ó jí padà? Òfin ni ó ń fi ààlà sí ìyà, adájọ́ a sì wọ̀n ọ́n láàárín ààlà náà. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ó fi dá a bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, a lè dá ẹ̀wọ̀n fún ènìyàn kí a sì ní kí ó máa lọ ilé. Bí ó bá tún ṣẹ̀, yóò lọ ṣe ẹ̀wọ̀n náà.

Ìyà pàápàá ń yí padà. Ní ọdún 2012, ilẹ̀ Bénin wọ inú àdéhùn àgbáyé tí ó fi òpin sí ìdájọ́ ikú. Ní ọdún 2018, a yí ìdájọ́ àwọn 14 tí a ti dá ikú fún padà sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá mú ènìyàn yín, ẹ má sá, ẹ má jà. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Ẹ̀sùn wo ni? Ọjọ́ àti wákàtí wo ni wọ́n mú un? Ìgbà wo ni yóò dé iwájú adájọ́? Ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ.