Àkúrẹ́ Tí A Wá Tì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ná. Èmi akéwì, ọmọ ẹ̀ka Yorùbá, kí ló gbé mi dé ìdí kóòdù? Oríkì ni.

Kí ìyá ìyá mi tó kú, ó ki oríkì ìdílé wa fún mi, mo sì tẹ̀ ẹ́: ìdajì lórí fóònù mi, ìdajì lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Arakale (bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára pátákó nìyẹn, láìfi àmì sí i). Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ṣe ojú ewé tí gbogbo ẹbí á ti máa kà á. Ìyá mi tẹ "Àkúrẹ́" láti wá ìlà tí màmá rẹ̀ fẹ́ràn jù. Kò rí nǹkan kan. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé o ò kọ gbogbo ẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Bẹ́ẹ̀, ìlà náà wà níbẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi ló tú u wò. Ojú tiwa rí "ẹ́" kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà rí méjì. Ọ̀kan jẹ́ "ẹ" tí a fi ohùn lé lórí, èkejì jẹ́ "é" tí a fi àmì sí lábẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò bára tan. Unicode ní ìlànà kan tó ń sọ wọ́n di irú kan, NFC ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kọ plugin kékeré fún Vite, irinṣẹ́ tí Evan You gbé jáde ní 2020. Sáfà rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe ojú ewé rí i kí aráyé tó rí i. Plugin náà á fi NFC sọ gbogbo ìlà oríkì di irú kan. Ohun tí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ bá tẹ̀ náà, a ṣe é bẹ́ẹ̀.

Inú fódà ńlá kan ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà, bí agbo ilé: oríkì ní yàrá tirẹ̀, ojú ewé ní tirẹ̀, plugin ní tirẹ̀. Mo pe plugin láti yàrá ojú ewé, ó ní "Cannot find package". Háà! Nínú agbo ilé kan náà?

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ká jọ máa gbélé nìkan ò tó. Ẹni tó o bá fẹ́ rán níṣẹ́, wàá pe orúkọ ẹ̀."

Mo bá kọ orúkọ plugin sínú package.json ojú ewé, mo fi "workspace:*" sí i, mo padà sí ojúde fódà ńlá, mo tẹ pnpm install. Ó so wọ́n pọ̀. Mo tún kóòdù plugin ṣe díẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún! Àṣé mo gbọ́dọ̀ pa sáfà kí n tún un tàn ni. Èyí tó kà nígbà tó kọ́kọ́ jí ló ṣì dì mú.

Nígbà tí a gbé e jáde tán, mo gbé fóònù fún ìyá mi. Ó tẹ "Àkúrẹ́". Ìlà náà yọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ o. Ó kàn kà á sókè, bí màmá rẹ̀ ṣe máa ń kì í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àmì ohùn ń yọ yín lẹ́nu, ẹ máa fi sí i, jàre. Ẹ ò mọ ẹni tó máa wá màmá rẹ̀ nínú ohun tí ẹ kọ.