Àdúrà Kì í Sọ Ìwé Irọ́ Di Òótọ́



Ó ṣọ̀wọ́n kí oṣù kan kọjá kí ẹnìkan má mú páásípọ́ọ̀tù wá sí ọ́fíìsì mi pé kí n gbé ọwọ́ lé e. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń gbé e ka orí Bíbélì mi fúnra wọn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. Ṣùgbọ́n kí n tó gbàdúrà, mo máa ń béèrè pé, "Irú físà wo ni o fẹ́ gbà, kí ni o sì fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Inú máa ń bí àwọn kan. Wọ́n á ní Pásítọ̀ kò ní ìgbàgbọ́. Lónìí mo fẹ́ sọ ìdí tí mo fi ń béèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún mi.

Ní ọdún 2011, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, wá bá mi ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ wẹ́dà ni ó ń ṣe, ó sì mọ bí a ti ń fi iná jó irin pọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n iná kò sí, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ gbogbo èrè rẹ̀. Ó ní òun ti rí ajẹ́ńtì kan tí yóò ran òun lọ́wọ́ láti lọ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Físà onísòwò ni ajẹ́ńtì náà fẹ́ bá a gbà, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tí ó fẹ́ lọ ṣe ìpàdé tàbí dúnàádúrà ọjà fún ìgbà díẹ̀. Ajẹ́ńtì ní, "Ṣáà wọlé ná. Bí o bá ti wọlé tán, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀." Ohun tí ó kù ni lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n rán an níṣẹ́.

"Bọ̀dá mi," ni ó wí, "ẹ bá mi kọ ọ́ sórí ìwé ìjọ. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo ń bá ìjọ ra ẹ̀rọ, pé mo fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ti jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Mo ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí Ábúráhámù ṣe pe aya rẹ̀ ní arábìnrin nígbà tí ó fẹ́ wọ Íjíbítì, àti bí Fáráò tí kò mọ Ọlọ́run ṣe wá bá a wí. Ṣùgbọ́n ìyá wa ti ta apá kan nínú oko kòkó rẹ̀, wọ́n sì ti san ₦400,000 fún ajẹ́ńtì. Àbúrò mi ń wo ojú mi. Mo mú ìwé tí a tẹ orúkọ ìjọ sí lórí, mo kọ lẹ́tà náà, mo fọwọ́ sí i, mo sì lu òǹtẹ̀. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn náà mo gbé ọwọ́ lé páásípọ́ọ̀tù yẹn, mo sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fọ́ àwọn tí yóò yẹ ìwé náà wò lójú.

Wọn kò fọ́jú. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi pe nọ́ńbà tí ó wà lórí lẹ́tà náà. N kò sí ní ọ́fíìsì. Arábìnrin tí ó jẹ́ akọ̀wé wa ni ó gbé fóònù. Wọ́n bi í bí ọkùnrin báyìí bá ń bá ìjọ wa ra ẹ̀rọ. Ó ní òun kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wa, àti pé ìjọ kò ní ètò àtira ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan. Nígbà tí mo dé, ó jábọ̀ fún mi pẹ̀lú ọkàn mímọ́: "Pásítọ̀, ó dà bí ẹni pé àwọn oníjìbìtì kan fẹ́ fi orúkọ ìjọ wa lu jìbìtì." N kò lè gbé ojú sókè wò ó.

Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ dé. Wọ́n ní àbúrò mi lo ẹ̀tàn, nítorí náà bí ó bá tún béèrè físà láàárín ọdún 10, wọn yóò kọ̀ ọ́. Owó ajẹ́ńtì kò padà. Oko kòkó kò padà. Fún ọdún méjì àbúrò mi kò yà sí ilé mi. Mo jẹ́wọ́ fún àwọn alàgbà, mo sì bẹ akọ̀wé wa. Wọ́n dá mi dúró lórí pẹpẹ fún oṣù mẹ́ta, ó sì tọ́ sí mi. Àwọn àgbà sọ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ni mo tún ìwé Nehemáyà kà. Ọkùnrin yìí sunkún, ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba bi í léèrè, ó sọ ibi tí ó ń lọ, ó sọ ohun tí ó fẹ́ lọ kọ́, ó dá ìgbà tí yóò padà. Lẹ́yìn náà ó béèrè lẹ́tà sí àwọn gómìnà òkè odò, àti lẹ́tà sí Ásáfù olùṣọ́ igbó ọba fún igi. Ó gbàdúrà, ó sì gba ìwé. Ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni ohun tí ó fẹ́ lọ ṣe gan-an. Ibẹ̀ ni èmi ti kùnà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ti kọ́ nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lábẹ́ físà àbẹ̀wò ni ti onísòwò wà nísinsìnyí. Oṣù mẹ́fà ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹni tí ó gbà á lè ṣe ìpàdé, ó lè dúnàádúrà, ó lè fọwọ́ sí àdéhùn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Àṣẹ iṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, ìjọba sì ń gbé orúkọ gbogbo irú àwọn bẹ́ẹ̀ jáde fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò. Òun ni yóò fún òṣìṣẹ́ ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní Certificate of Sponsorship. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe físà. Òun ni a fi ń béèrè físà, oṣù mẹ́ta péré ni ó sì ní kí ó tó kú. Láti òpin ọdún 2024, agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ ti owó nọ́ńbà yìí sí ọrùn ẹni tí ó fẹ́ gbà ṣe iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú mílíọ̀nù náírà wá kí òun fi tà á fún yín, ẹ sá. Owó tí ó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ni owó físà àti owó ìtọ́jú ìlera, èyí tí ó jẹ́ £1,035 lọ́dún fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láti oṣù kejì ọdún 2024. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ẹ̀rí pé ènìyàn gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ọ̀dọ́: láti 22 July 2025 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn gbígba àwọn olùtọ́jú arúgbó láti òkèèrè. Ẹni tí ó bá ń ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín nísinsìnyí, afẹ́fẹ́ ni ó ń tà.

Ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí ọdún 10 náà pé, àbúrò mi tún wá. Ilé iṣẹ́ kan tí ó ní ìwé àṣẹ ti dán an wò, wọ́n sì fẹ́ gbà á síṣẹ́ wẹ́dà. Ó ti ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ti ṣe àyẹ̀wò ikọ́. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù béèrè bí wọ́n bá ti kọ físà fún un rí.

"Bọ̀dá mi, ṣé kí n kọ ọ́?"

Mo ní, "Kọ gbogbo rẹ̀. Kọ orúkọ tèmi náà mọ́ ọn."

Mo kọ lẹ́tà kejì pé èmi ni mo kọ ti ọdún 2011, pé irọ́ ni, àti pé mo tọrọ àforíjì. Akọ̀wé wa kan náà ni ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó parí, ó ní, "Pásítọ̀, bí wọ́n bá tún pè, mo ti mọ ohun tí màá sọ."

Físà náà jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. N kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ ni yóò rí físà gbà. Wọ́n lè kọ̀ ọ́, kí o sì jẹ́ olóòótọ́ síbẹ̀. Oko kòkó ìyá wa ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á títí di òní. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò mi fẹ́ rìn, nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, n kò bẹ Ọlọ́run pé kí ó fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí gbogbo ojú là, kí wọ́n ka ìwé náà dáadáa.

Olùkàwé mi, mú páásípọ́ọ̀tù rẹ wá, a ó jọ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ìwé rẹ. Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà tí kò ní ojútì nínú fún wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.