Agboòrùn Ìyá Kan ní Etí Òkun

Ní gbogbo ìgbà tí ìjọ bá ń múra láti kó àwọn ọmọdé lọ sí etí òkun, ọ̀rọ̀ kan máa ń gún wa lọ́kàn. A ti jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, a sì ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tí a ṣẹ̀. Lónìí a fẹ́ sọ ọ́ fún yín, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú àṣìṣe tí a ṣe.

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 2016, a kó àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lọ sí etí òkun ní Àgbádárìgì. Ìparí oṣù Kẹta ni, oòrùn sì mú gan-an. Kí aago 11 tó lù, iyanrìn ti gbóná débi pé ṣe ni àwọn ọmọ ń fò bíi tata lórí rẹ̀.

Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan wà láàárín wọn. Àfín ni. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ alápá gígùn fún un, ó fi àkẹtẹ̀ dé e lórí, ó sì ń fi agboòrùn tẹ̀ lé e kiri. Àwọn ọmọ yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Inú wa kò dùn sí ohun tí a rí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni a wàásù láti inú Sáàmù 121, pé oòrùn kò ní ṣe ọmọ Ọlọ́run ní ibi lọ́sàn-án. Lójú wa, àìgbàgbọ́ ni agboòrùn yẹn. A pe ìyá náà, a ní, "Arábìnrin, ṣé Ẹni tó dá oòrùn kọ́ ló dá ọmọ yìí ni? Ẹ pa agboòrùn yẹn dé, kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré."

Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, dókítà ní..." A kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì pa agboòrùn náà dé.

Nígbà tí a fi máa wọ bọ́ọ̀sì padà, ojú, ọrùn àti èjìká ọmọ náà ti pọ́n kankan. Lóru, ara rẹ̀ lé ròrò, ó ń gbóná, ó sì ń bì. Ilé ìwòsàn ni a bá wọn. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ni àgbà tó wà níbẹ̀, orí ọmọ sì wọ́ lójú wa.

Dókítà là wá lóye. Ohun dúdú kan wà tí Ọlọ́run fi sínú awọ ara wa láti máa gba oòrùn dúró. Ti àwọn àfín kéré púpọ̀, tàbí kí ó má sí rárá. Nítorí náà oòrùn tètè ń jó wọn, ìmọ́lẹ̀ ń dun ojú wọn, jíjó tó bá sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra lè di jẹjẹrẹ awọ ara. Etí òkun tún burú jù: nínú ìtànṣán 100 tó ń jóni, iyanrìn gbígbẹ ń dá nǹkan bí 15 padà, ìfófó omi òkun sì ń dá nǹkan bí 25 padà. Agboòrùn nìkan kò tó, àfi kí a fi aṣọ àti ìpara tí ń dáàbò bo awọ ara kún un. Ẹ má sì gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé iyọ̀ ló ń fa àbààwọ́n ara àfín. Oòrùn ni.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ náà ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti bá wa wí. Ní ṣóńṣó orí tẹ́ḿpìlì, sáàmù ni Sátánì fà yọ fún Olúwa wa pé kí ó bẹ́ sílẹ̀. Jésù kò bẹ́. Sáàmù 121 kan náà sọ pé Olúwa ni òjìji wa, àwa sì ti lé òjìji tí ó fi ọwọ́ ìyá kan nà sórí ọmọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí oòrùn fẹ́ pa Jónà, ṣebí igi ni Ọlọ́run mú hù.

Nígbà tí ara ọmọ náà yá, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níwájú ìjọ. Ó dáhùn pé, "Ó ti tán, sà. Ẹ ṣáà má ní kí ẹlòmíràn pa tirẹ̀ dé mọ́."

Láti ìgbà náà, a kì í kó ọmọ sínú oòrùn láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. A ń gbé omi mímu lọ fún gbogbo ènìyàn, nítorí ooru kò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Àwọn tó nílò ìpara ń tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, àti bí wọ́n bá jáde nínú omi. Bí òòyì bá kọ́ ẹnikẹ́ni, a ń gbé e lọ sábẹ́ ìbòòji, a ń fi omi tutù sí i lára. Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó dákú, ilé ìwòsàn ni kíá. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti gbàdúrà, ẹ má dá ọkọ̀ dúró nítorí àdúrà.

Àwọn olùkọ́ fi ewì kékeré kan kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì máa ń kà á kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì:

Oòrùn yọ, oòrùn ràn,
Àkẹtẹ̀ mi rè é lórí,
Aṣọ alápá gígùn rè é lára,
Omi mímu rè é lọ́wọ́.
Ọ̀rẹ́ mi, má fi mí ṣẹ̀sín,
Ìbòòji Olúwa gbà wá pọ̀.

Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àfín. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ rántí wọn lórí àga ìwàásù. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ yín kí wọ́n má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí a ń sọ yìí ti di géńdé báyìí, òun ló sì ń pín àkẹtẹ̀ fún àwọn ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì.

Àwọn baba wa ló sọ ọ́ ní agboòrùn, ohun tí ń gba oòrùn dípò wa. Ẹ ṣí i. Olúwa yóò jẹ́ òjìji fún ilé yín ní orúkọ Jésù. Àmín.